Arùmásọ̀ àti Ìyá Oríkèé: Bí Èjìká Mi Ṣe Yẹ̀ Nínú Igbó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ obì gbé e mì, kí ẹni tó fẹ́ húkọ́ hú u tán nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ kí a já a láàárín. Èmi ni Ọdẹ́yínká, ọmọ bíbí Ìdó-Àgbọ̀n. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ti fi ìwo ya ẹ̀wù mọ́ mi lára kó tó ṣubú. Mo ti fi ọwọ́ kan fa àgbọ̀nrín jáde nínú ẹrẹ̀, tí ọwọ́ kejì di ìkòkò tábà mú sẹ́nu, iná tábà náà kò sì kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó dìde kí n rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí ọdẹ kan ní ẹ̀rù kò ba òun rí, ẹ bi í bóyá ó ti kọjá odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀ wọ inú igbó Arùmásọ̀. Èmi ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ débi pé mo gbàgbé orúkọ ìyá tó bí mi.

Kì í ṣe ẹran ni mo wá lọ síbẹ̀. Àbúrò mi ni. Láògún ni orúkọ rẹ̀, alárùú ni níbi tí wọ́n ti ń la pákó lẹ́bàá títì. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pákó ló ń gbé sórí èjìká ọ̀tún, tí á na apá sókè láti fi dì í mú. Ẹ mọ okùn kànga tó ń ha etí kànga lójoojúmọ́: bó pẹ́ bó yá, fọ́nrán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń fà á kò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan èjìká Láògún rí. Ó kọ́kọ́ ń ro ó bó bá na apá, ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó wá di pé bó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ lórí ẹní, á ta gìrì dìde. Ó di ọjọ́ kan, ó ki pákó ìrókò tútù mọ́lẹ̀, ó gbé e, nǹkan sì ya nínú èjìká rẹ̀ bí ìgbà tí a fa àkísà ya. Láti ọjọ́ náà, apá kò gòkè ju àyà lọ mọ́. Ó so apá mọ́ ara, ó ní òun kò ní mì í títí ìrora á fi lọ. Ìrora kò lọ, èjìká ló gan, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ọ̀pọ̀ òjò. Àwọn kan ní ayé ló ta á lọ́fà. Àwọn kan sín in ní gbẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan tiẹ̀ di apá náà mú, ó fi gbogbo agbára fà á sókè, Láògún sì dákú.

Ìyàwó rẹ̀, Fẹ̀yíntọlá, ló wá bá mi ní kùtùkùtù, kò bọ bàtà, kò wé gèlè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Láògún ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ó gbọ́ pé ìyá kan wà nínú igbó Arùmásọ̀ tó mọ ọ̀nà eegun. Ó ní ojú ń ti òun bí mo ṣe ń wọṣọ fún òun bí ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ ọjà tó kọjá ló ti lọ, ẹ̀gbọ́n, títí di òní kò dé."

"Kí ló dé tí o jẹ́ kó lọ?"

"Èmi ni mo jẹ́ kó lọ bí? Mo jí, mo na ọwọ́, ẹní lásán ni mo bá."

Apá lará, ìgùnpá nìyekan. Mo ki ìbọn, mo gbé àdá, mo ju àgbàdo sísun sínú àpò, mo sì kọjá odò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, igbó méjì kì í dákẹ́ bákan náà. Dídákẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹran ló fara pamọ́. Ìyẹn dùn mọ́ ọdẹ. Dídákẹ́ ti igbó yìí dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ yàrá tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì pa ẹnu mọ́ lójijì. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ewé di ojú ọ̀run pa, ìmọ́lẹ̀ rí bí omi aró. Ẹyẹ kan kò ké. Àwọn igi ọ̀nà ibẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, èèpo wọn ti ho ní ibi kan náà, bí ìgbà tí ohun ńlá kan máa ń fara ti wọ́n sinmi. Mo gbé ojú sókè wo ibi tí èèpo ti ho náà. Ó ga ju òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ọkàn mi ní kí n padà. Ẹsẹ̀ mi ní ọkàn mi gbọ́n. Ojú Fẹ̀yíntọlá ni kò jẹ́ kí n padà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Arùmásọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe igbó náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ pè ní igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ní ọrùn: etí rẹ̀ jókòó sórí èjìká méjèèjì, èjìká náà sì wú bí òkìtì ọ̀gán. Ìtì ìrókò kan ló gbé dání lórí wọn, èyí tí olú ti hù lára rẹ̀, tí èèsún sì ti yọ lórí. Apá méjèèjì tó fi dì í mú ti gbẹ, wọn kò mì, wọn kò gbọ̀n. Nítorí ìtì náà, kò lè gbé orí sókè. Ilẹ̀ nìkan ló ń wò, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ló fi ń dá wọn mọ̀.

"Ta ni ó ń tẹ ilẹ̀ mi fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ru nǹkan kan?" Ohùn rẹ̀ dà bí ọlọ tí a ń yí.

"Èmi Ọdẹ́yínká ni, bàbá. Mo ń wá àbúrò mi."

"Kí ni ò ń rù?"

"Ìbọn, àdá àti àpò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ewé jábọ́. "Ìyẹn kì í ṣe ẹrù. Àlọ́ kan ni n ó pa fún ọ. Bí o bá já a, o lè kọjá. Bí o kò bá já a, wá gba èyí rù. Kí ni ó ń ru oúnjẹ wálé lójoojúmọ́ tí kì í tọ́ ọ wò?"

Mo rántí Láògún, ìdáhùn sì bọ́ sí mi lẹ́nu. "Èjìká ni."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì fi ẹ̀rù sí mi lára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kò sí ẹni tó já a rí. Ẹni tó mọ èjìká tó báyìí, èjìká tirẹ̀ á dára. Wá. Tẹ̀ síwájú kí n wò ó."

"Bàbá, ẹ ní bí mo bá já a, kí n kọjá!"

"Mo ní o lè kọjá. N kò sọ pé o kò ní ru nǹkan kọjá."

Mo yìnbọn. Ìtì ìrókò ni ọta bà, ó dún pòò bí ẹni kan ilẹ̀kùn ilé tó ṣófo. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ mì. Mo yí padà, mo sá. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá ti dé ilé ṣáájú mi. Mo ń sá, mo ń wẹ̀yìn, n kò rí ọ̀gbun tó là sílẹ̀ níwájú. Ẹsẹ̀ mi tẹ òfuurufú. Bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀, mo ju ìbọn nù, mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì gbá ìtàkùn kan mú. Ìtàkùn náà kò já. Èjìká mi ló já.

Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára: kọ̀ọ́! Bí ìgbà tí a yọ ọmọ odó tó há nínú odó. Ọwọ́ mi tú, mo já lu ewé gbígbẹ ní ìsàlẹ̀, ìrora sì dé. Mo ti jẹ eyín ẹran, mo ti jẹ oró àkeekèé, n kò jẹ irú èyí rí. Mo wo èjìká mi. Ibi tó yẹ kó rí róbótó ti di ìgun bí etí àpótí, kókó kan sì yọ síwájú lábẹ́ awọ, nítòsí abíyá. Apá mi yà kúrò lára, kò ṣe é fà mọ́ra, kò ṣe é nà. Awọ ẹ̀gbẹ́ èjìká ti kú, bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo la ẹnu láti ké. Lókè mi, òkúta kan yí wálẹ̀.

Arùmásọ̀ ti dúró sí etí ọ̀gbun. Nítorí tí ìtì kò jẹ́ kó tẹ̀, ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè wò, kò lè yọjú wo inú ọ̀gbun, nítorí náà etí ló fi ń wá mi. Mo gbé etí ẹ̀wù mi sẹ́nu, mo já a jẹ. Omijé ń ṣàn wọ etí mi. Gbogbo èémí tí mo bá mí, kókó iwájú èjìká náà á ta mí bí abẹ́rẹ́ gbígbóná. Ó dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí ọ̀gbun. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà sọ̀kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró mìíràn: kẹ́kẹ́kẹ́, bí ẹni ń mi igbá tí a kó ẹ̀kùrọ́ sí. Ìyá arúgbó kúkúrú kan yọ láti ẹ̀yìn gbòǹgbò àràbà tó nà bí ògiri. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀, oríkèé rẹ̀ ni ó ń dún bẹ́ẹ̀, orúnkún, ìgbáròkó, ọwọ́, gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹyin, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ibi tó ń dùn mí.

"Ilé wo ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí iwájú, ó ṣí sí ẹ̀yìn, ó ṣí sókè, ó ṣí sí ìsàlẹ̀?" ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́.

Mo yọ etí ẹ̀wù kúrò lẹ́nu. "Ìyá, n kò mọ̀."

"Èjìká ni. Kò sí oríkèé mìíràn lára ọmọ ènìyàn tó ń yí bí i tirẹ̀. Nítorí náà òun ni olè máa ń tètè wọ̀. Eegun rẹ ti jáde nílé. Fún mi lọ́wọ́. Rárá, òmíràn." Ó fà mí dìde ní apá òsì, ó mú mi wọ inú ihò àràbà.

Mo rí egungun apá tí a so kọ́ yí ògiri ihò náà ká, ti ọ̀bọ, ti ìnàkí, àti àwọn tí n kò fẹ́ mọ ohun tó ni wọ́n. Mo ní ó ti tán, oúnjẹ ìyá yìí ni mo jẹ́. Ẹnì kan sì dìde nínú òkùnkùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Láògún ni. Ó rù, irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

"Kí ló dé tí o kò wálé?" ni mo bi í, inú ń bí mi, mo sì ń sunkún.

"Ibo ni n ó gbà? Ìyá Oríkèé ń tọ́jú mi, wọ́n ń fi omi gbóná àti òrí rọ̀ mí, mo ń fi ìka gun ara igi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Arùmásọ̀ ló wà lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Alápá kan bí èmi kò lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá."

"Ẹ pa ẹnu mọ́," Ìyá Oríkèé wí. "Ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ọdẹ, n ó dá eegun rẹ padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ ni igbe rẹ. Bí o bá ké, ó gbọ́, gbogbo wa kú."

"Ẹ fà á kíá, ìyá! Láògún á dì mí mú."

Ó gbá mi létí fẹ́rẹ́. "Ohun tí ipá lé jáde, ipá kọ́ ni í pè é wálé. Ẹni tó bá fi agbára fà á, á dá eegun, á já iṣan." Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ìtì igi kan, kí apá ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀. Ó fi aṣọ di òkúta kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ dì í mú, kí n jẹ́ kí ó máa fa apá náà fúnra rẹ̀. "Ẹran ara tó ń bẹ̀rù a máa di eegun mú bí ẹni di olè mú. Bí ẹ̀rù bá kúrò lára rẹ, eegun á wọlé. Bí ẹ̀rù bá wà níbẹ̀, a ó wà níbí di ọ̀la."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ! Ilẹ̀ ń mì. Eruku ń jábọ́ láti òkè ihò sí mi lọ́rùn. Ohun tó fẹ́ pa mí ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n má bẹ̀rù. Mo gbìyànjú, ẹran èjìká mi le bí okùn tí a fi so màlúù. Mo tún gbìyànjú, ó tún le sí i. Òógùn mi ń kán sórí òkúta náà. Ẹsẹ̀ kan dé ẹnu ihò, ó sì dúró. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, koríko hù láàárín wọn.

Láògún wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹnu rẹ̀ sí mi létí. Oríkì mi ni ó ń kì, kò ju èémí lọ. *Àjàní, ọmọ a-jí-rìn-kí-ìrì-tó-gbẹ. Àjàní, ọmọ ẹkùn tó sùn tí igbó ń rọra rìn. Àjàní, ìyá rẹ ń pè ọ́, omi ìwẹ̀ rẹ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.* Bí ìyá wa ṣe máa ń kì mí ni ó ṣe ń kì í, pẹ̀lú ibi tó ti máa ń mí kanlẹ̀ gan-an. Mo di ọmọ kékeré. Mo rí agbada amọ̀, mo gbọ́ òórùn ọṣẹ dúdú. Ọrùn mi rọ̀. Ẹ̀yìn mi rọ̀. Apá mi gùn sí i bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Ìyá Oríkèé fi àtàǹpàkò ti etí eegun ẹ̀yìn èjìká díẹ̀, díẹ̀ báyìí, nǹkan sì yí nínú mi. Gbìn-ín.

Ìrora lọ bí iná tí a da omi sí. N kò ké. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu ihò sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ eegun tó wọlé. Ta ni ó rí ìsinmi nínú igbó mi?"

Kò sí ibi sísá. Ìyá Oríkèé ń fi ọ̀já gbé apá mi kọ́ ọrùn. "Arùmásọ̀, mo ti sọ fún ọ láti ayébáyé pé kí o kúnlẹ̀."

"Bí mo bá kúnlẹ̀ tó bọ́, ta ni yóò gbé e rù mí padà?"

Ẹ̀yin ará, nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn náà. Ìrora ni. Irú ìrora tí Láògún fi ń ta gìrì dìde lórí ẹní. Apá rẹ̀ méjèèjì ti gan sókè. Kì í ṣe pé kò fẹ́ sọ ìtì náà kalẹ̀, kò mọ bó ṣe ń ṣe é mọ́. N kò mọ ẹni tó la ẹnu mi.

"Bàbá, ẹ kúnlẹ̀. Èmi àti àbúrò mi á sọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí a kọjá."

Lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, àràbà mì tìtì. A jáde, a gun gbòǹgbò àràbà dé ibi èjìká rẹ̀. Láògún fi ọwọ́ òsì ti ìtì náà, èmi náà fi ọwọ́ òsì ti ìtì náà. A tì, a tì, olú ń jábọ́ sí wa lójú. Ìtì ìrókò yí gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Apá rẹ̀ dúró lókè bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí sókè, a sì rí ojú rẹ̀. Ojú arúgbó ni, ó rẹ̀ ẹ́. Ó wo àwọn igi, ó wo ewé, ó wo apá rẹ̀ tó nà láìru nǹkan. Ó wá bú sí igbe kan. Mo ti gbọ́ igbe ẹkùn, mo ti gbọ́ igbe erin tí ọmọ rẹ̀ kú. N kò fẹ́ gbọ́ ti Arùmásọ̀ mọ́ láyé. "Ta ni mí?" ló ń ké. "Ẹ gbé e rù mí! Ẹ padà wá gbé e rù mí!" Ó wọ́ tọ ìtì náà, ó ń fi àyà tì í, apá kò sì lè sọ̀kalẹ̀ láti gbé e.

"Ẹ máa lọ," Ìyá Oríkèé wí. Ó ti ń gbé omi kaná. "Èyí tèmi ni. Ọdẹ, má gbé apá náà sókè, má yí i sóde, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n má tún dè é pẹ́ títí, kó má baà gan. Láògún, máa fi ìka gun igi lọ bẹ́ẹ̀ nílé."

A sá. Igbe náà ń tẹ̀ lé wa títí dé odò, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ Láògún fẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí alárùú ni, kò mọ bí a ṣe ń gbọ́ "gbé e rù mí" kí a má dá a lóhùn. Mo fi eyín di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ ọwọ́ ni mo lò: ọwọ́ kan wà lọ́rùn, ọ̀kan di ìtàkùn tí a fi ń kọjá odò mú.

Fẹ̀yíntọlá rí wa, kò mọ èjìká tí òun ì bá dì mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wa mú. Ó kó wa lọ sí ọsibítù. Dókítà yàwòrán eegun wa, ó ní ti èmi ti wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan mọ ọ̀nà, kí n ṣọ́ ọ. Títí dòní, òsì ni mo ń ti ìdí ìbọn mọ́. Ti Láògún, ó ní iṣan kan ti ya, kò sì ní padà rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá, pé kó fi pákó rírù sílẹ̀, kó máa na apá náà lójoojúmọ́ níwọ̀n tí ara lè gbà, kó má ṣe fi ipá ṣe é. Ó fi í sílẹ̀, ó ń hun agbọ̀n. Láràárọ̀ á dúró ti ògiri, ìka rẹ̀ á máa gun ògiri náà bí aláǹgbá tó ń ṣojo. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Ọjọ́ mìíràn ó ń sunkún, ó ní kò gòkè mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ tó ń pè wá. A sáré wọlé, a rò pé ó ṣubú ni. Ó dúró láàárín yàrá, òógùn bò ó, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi àjà. Fẹ̀yíntọlá ké, ó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó má baà dùn ún.

"Rárá," Láògún wí, kò wò wá, òkè ló ń wò. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná."

A dúró, gbogbo agboolé dúró, a sì ń wo ọwọ́ náà. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ obì, kó máa jẹ ẹ́.